Òdo Kì í Ṣe Odò

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rán mi wá.
Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Skegness, ibẹ̀ ni irin pin sí,
bọ́ọ̀sì ló ru mí dé Mablethorpe létí òkun,
èmi àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eré íńtánẹ́ẹ̀tì,
àti fọ́ọ̀mù oníbèérè méjìlá.
Ọ̀gá mi ní: "Lọ wọn ọ̀gbun tó wà láàárín ìlú sí ìlú."
Ta ní ń fi rúlà wọn ọ̀gbun?

Wilf Cutforth ni mo kọ́kọ́ kàn,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú kárafáànù,
lẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi ń dá òkun dúró.
Ṣé ẹ lè fi fóònù san owó iná?
Rárá.
Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí dókítà?
Dókítà wo?
Rárá ń tò bí ẹyẹ lórí wáyà, títí dé orí ìkejìlá.
Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ òdo.

Mo kọ òdo.
Òdo kì í ṣe odò, ẹ̀yin ará mi,
ohùn ló yà wọ́n:
ọ̀kan ń ṣàn,
ọ̀kan lanu sílẹ̀, kò rí nǹkan sọ.

Ó ní báńkì àdúgbò ti di ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná.
Wọ́n ní kó máa lo áàpù.
Áàpù ní kó fi ojú rẹ̀ hàn. Ó fi hàn.
Áàpù ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ó wá fa agolo bísíkíìtì yọ lábẹ́ ibùsùn:
wáyà, síkírúù, gíláàsì rédíò àtijọ́.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún rédíò ọkọ̀ apẹja ṣe ní Grimsby,
ó ń gbọ́ ohùn èèyàn láti ibi tí òkun ti ń di yìnyín,
ó ń dá wọn lóhùn.
Mo yí fọ́ọ̀mù síwájú, mo yí i sẹ́yìn,
kò sí àyè tí màá kọ ìyẹn sí.

Lálẹ́, mo rí ọmọbìnrin kan lórí àtẹ̀gùn ògiri òkun,
òjò ń pa á, fóònù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá búrẹ́dì.
Tegan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
"Ibí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá,
iṣẹ́ àṣetiléwá mi gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di aago mẹ́wàá."
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Croydon,
bí fíìmù bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì,
á ní ayé ti bàjẹ́.

Ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn di àmì pupa kan lórí máàpù,
kò tó orí abẹ́rẹ́.
Ọ̀gá wò ó, ó ní ìka ò dọ́gba.
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ká wọn kó o fi bu òkèlè,
wo orí wọn bóyá o lè mọ èyí tó gùn.

Oṣù Kejì, mo padà lọ. Ẹnikẹ́ni ò rán mi.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní láíbúrì, mo bá Fẹ̀hìntọ́lá,
tó ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú,
tó ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kọ́ èèyàn ní títẹ fóònù.
Mo rántí ìyá mi ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà:
tó bá fi fídíò pè mí, àjà ilé nìkan ni mo máa ń rí,
àjà ilé tó ń ṣàdúrà fún mi.

Wilf ti gbé irin eríà sórí kárafáànù,
Tegan ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ nínú ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ,
ó ń pariwo lé bàbá náà lórí: "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!"
Ogójì ìṣẹ́jú ni lẹ́tà dókítà gbà.
Ẹ̀rọ ló fèsì.

Mo tún un wọ̀n. Méjì nínú méjìlá.
Ọ̀gá á ní kò tó nǹkan.
Mo fi bírò kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
kó lè yọ sí ojú ìwé kejì.